Iná Lè Lọ, Iṣẹ́ Kò Gbọdọ̀ Sọnù: Bí Iṣẹ́ Ọlọ́jọ́ Pípẹ́ Ṣe Ń Parí Lórí Kọ̀ǹpútà Tó Lè Kú Nígbàkigbà

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òbí tó ń ka àpilẹ̀kọ wa ló ní ọmọ tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà, ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ ó ti rí irú èyí rí: ọmọ gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ sórí tábìlì, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ó ní iṣẹ́ kan ń lọ lórí rẹ̀ tí yóò gba ọjọ́ mẹ́ta. Lóru ọjọ́ kejì, iná lọ. Bátìrì gbé e fún wákàtí méjì, òun náà sì kú. Nígbà tí iná dé láàárọ̀, ọmọ tan ẹ̀rọ rẹ̀, ó wò ó títí, ó sì ní òun máa tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí yóò fi iṣẹ́ ìparí ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún olùkọ́ ku ọjọ́ mẹ́rin péré.

Ohun tí a máa ń sọ ni pé iná ló ba iṣẹ́ ọmọ jẹ́. Òótọ́ ni pé iná wa kò ṣeé gbára lé. Ṣùgbọ́n àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tí iná wọn kì í ṣẹ́jú náà ní kọ̀ǹpútà tó ń kú lójoojúmọ́, síbẹ̀ iṣẹ́ wọn tó ń gba oṣù méjì sí mẹ́ta ń parí. Ìdí ni pé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni wọ́n ti gbà pé ẹ̀rọ yóò bàjẹ́, wọ́n sì ti ṣètò bí iṣẹ́ yóò ṣe máa lọ lẹ́yìn ìbàjẹ́. A fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àti bí ọmọ tó ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo nínú yàrá rẹ̀ ṣe lè ṣe bákan náà láìná owó.

Bí ẹ̀rọ bá pọ̀, ìbàjẹ́ a di ohun ojoojúmọ́

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré kan bẹ̀rẹ̀. Ká ní kọ̀ǹpútà kan máa ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ìyẹn bíi ọjọ́ 1,000, kó tó ní ìṣòro kan. Ẹni tó ní ọ̀kan ṣoṣo yóò sọ pé ẹ̀rọ òun dára gan-an. Ẹni tó bá to 1,000 irú rẹ̀ jọ yóò máa rí ẹyọ kan tó bàjẹ́ lóòjọ́. Ẹni tó bá to 16,000 jọ yóò máa rí bíi 16 lóòjọ́, ìyẹn ọ̀kan láàárín wákàtí kan ààbọ̀. Ẹ̀rọ náà kò burú sí i. Iye rẹ̀ ló pọ̀ sí i.

Irú èyí ló ṣẹlẹ̀ sí iléeṣẹ́ Meta, tó ni Facebook àti WhatsApp. Ní ọdún 2024, iléeṣẹ́ náà gbé ìwé kan jáde nípa bí wọ́n ṣe kọ́ Llama 3, ọ̀kan lára àwọn ètò ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá tó ń dáhùn ìbéèrè bí ènìyàn. Wọ́n lo 16,384 ẹ̀yà kọ̀ǹpútà alágbára tí wọ́n ń pè ní GPU. Láàárín ọjọ́ 54 tí wọ́n ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀, iṣẹ́ náà dúró ní ìgbà 466. Nínú rẹ̀, 47 jẹ́ èyí tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, bíi ìgbà tí wọ́n fẹ́ tún nǹkan ṣe. Àwọn 419 tó kù dé láìròtẹ́lẹ̀. Bí a bá pín in, ó jẹ́ bíi ẹ̀ẹ̀kan láàárín wákàtí mẹ́ta, tọ̀sán-tòru. Nǹkan bí ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìdádúró àìròtẹ́lẹ̀ yìí ló wá láti ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. GPU tó bàjẹ́ nìkan fa 148.

Ohun tó mú kó le ni pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo àwọn GPU yìí jọ ń ṣe. Wọ́n ń ṣírò, wọ́n ń fi èsì ránṣẹ́ sí ara wọn, wọ́n sì ń dúró de ara wọn kí wọ́n tó gbé ìgbésẹ̀ tó kàn. Bí ọ̀kan bá kú, gbogbo yòókù yóò dúró. Síbẹ̀, Meta sọ pé ohun tó ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò náà ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ gidi, àti pé ìgbà mẹ́ta péré ni ènìyàn ní láti dá sí i gidigidi kí iṣẹ́ tó padà sójú ọ̀nà. Ní àwọn ìgbà yòókù, ètò tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ ló yanjú rẹ̀.

Àmì ibi-a-dé

Ọgbọ́n àkọ́kọ́ nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ ni ohun tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní checkpoint. Orúkọ yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ń rìnrìn-àjò lójú ọ̀nà wa, ṣùgbọ́n níbí, kò sí ẹni tó ń béèrè ìwé mọ́tò. A ó máa pè é ní àmì ibi-a-dé.

Ẹ wo alájọ tó ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ nínú ọjà. Bó bá gba owó lọ́wọ́ ọgọ́ta ènìyàn, tó sì fi gbogbo rẹ̀ sórí pé ìgbà tí òun bá délé ni òun máa kọ ọ́, ohunkóhun tó bá dà á láàmú lójú ọ̀nà ti ba ìṣirò ọjọ́ náà jẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń fa igi sínú káàdì kí ó tó kúrò níwájú ẹni tó dájọ. Bí òjò bá lé e wọlé, tàbí tí ara rẹ̀ kò yá lọ́jọ́ kejì, ọmọ rẹ̀ lè mú ìwé náà, kí ó sì máa bá a lọ láti ìsọ̀ tó kàn.

Kọ̀ǹpútà náà ní orí, ó sì ní ìwé. Orí rẹ̀ ni mẹ́mọ́rì, níbi tó ń kó ohun tó ń ṣírò lọ́wọ́ sí. Ó yára gan-an, ṣùgbọ́n bí iná bá ti lọ, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ti parẹ́. Ìwé rẹ̀ ni dísìkì. Òun lọ́ra ju mẹ́mọ́rì lọ, ṣùgbọ́n kì í gbàgbé nígbà tí iná bá lọ. Iṣẹ́ ọmọ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, inú orí nìkan ló wà. Kò sí ẹni tó sọ fún kọ̀ǹpútà náà pé kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tó yẹ kó wà nínú àmì ibi-a-dé ni gbogbo ohun tí ẹ̀rọ mìíràn yóò nílò láti máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ kíka fáìlì 10,000 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àmì náà gbọ́dọ̀ sọ fáìlì tí a kà dé àti àpapọ̀ èsì títí dé ibẹ̀. Bó bá jẹ́ kíkọ́ ètò ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá, ó gbọ́dọ̀ ní àwọn nọ́ńbà tí ètò náà ti kọ́, iye ìgbésẹ̀ tó ti gbé, àwọn nọ́ńbà tí a fi ń darí àtúnṣe rẹ̀, àti ibi tó kà dé nínú dátà. Ẹni tó bá fi ọ̀kan sílẹ̀ nínú wọn lè rí i pé iṣẹ́ náà gbéra lóòótọ́, àmọ́ tí èsì rẹ̀ yóò yàtọ̀ sí èyí tí kò dúró rárá.

Ẹ̀ẹ̀melòó ló yẹ ká máa fi í pamọ́?

Ọmọ lè sọ pé, "Ó dáa, màá máa fi pamọ́ ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú." Ìyẹn náà ní iye tó ń náni. Bí ìfipamọ́ kan bá ń gba ìṣẹ́jú 5, tí a sì ń ṣe é lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10 iṣẹ́, ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò wa ni ìkọ̀wé ti gbà. Bí a bá sì ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, iná tó lọ nírọ̀lẹ́ yóò kó iṣẹ́ àárọ̀ àti ọ̀sán lọ.

Ní ọdún 1974, John W. Young gbé ìṣirò kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí tí wọ́n ṣì ń lò dòní. Ẹ mú iye ìṣẹ́jú tí ìfipamọ́ kan ń gbà. Ẹ mú iye ìṣẹ́jú tó sábà máa ń wà láàárín ìdádúró kan sí èkejì. Ẹ sọ àwọn méjèèjì di púpọ̀, kí ẹ sì tún fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí ẹ bá fi òun fúnra rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, iye yẹn ni yóò jáde. Nọ́ńbà náà ni iye ìṣẹ́jú tó yẹ kó wà láàárín ìfipamọ́ méjì.

Ká ní iná àdúgbò yín sábà máa ń lọ lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí 6, ìyẹn ìṣẹ́jú 360, tí ìfipamọ́ sì ń gba ìṣẹ́jú 5. Ìlọ́po 5 fún 360 jẹ́ 1,800; ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 3,600. Nọ́ńbà tí a ń wá ni 60, torí 60 lọ́nà 60 ni 3,600. Ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí kan ló yẹ nìyẹn. Bí ìfipamọ́ bá ń gba ìṣẹ́jú 1 péré, ìṣirò kan náà yóò fún wa ní bíi ìṣẹ́jú 27. Bí ìfipamọ́ bá ṣe yá tó, tí ìdádúró sì ṣe wọ́pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ká ṣe máa fi í pamọ́ léraléra tó. Kò yẹ ká kàn máa fojú bù ú.

Ọ̀fìn mẹ́ta tó wà lójú ọ̀nà

Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi iṣẹ́ pamọ́ dáadáa, síbẹ̀ tí wọ́n pàdánù rẹ̀. Ọ̀fìn mẹ́ta ló sábà máa ń gbé wọn mì.

Èkínní ni kíkọ tuntun lé orí àtijọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá ń kọ àmì tuntun sórí fáìlì kan náà tí iná sì lọ láàárín ìkọ̀wé, àtijọ́ ti bàjẹ́, tuntun kò sì tíì pé. Ọwọ́ wa ti òfo nìyẹn. Ọ̀nà tó tọ́ ni ká kọ tuntun sínú fáìlì tó ní orúkọ mìíràn, ká rí i dájú pé ó ti wọ dísìkì tán, kí a tó wá yí orúkọ rẹ̀ padà sí orúkọ àtijọ́. Lórí ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà, yíyí orúkọ padà yìí máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: yálà ó ti ṣẹlẹ̀ tàbí kò tíì ṣẹlẹ̀, kò sí àárín. Kódà ó dára ká máa tọ́jú àmì méjì tàbí mẹ́ta tó kẹ́yìn.

Èkejì ni kíkó gbogbo rẹ̀ sí ojú kan. Bí kọ̀ǹpútà náà bá jóná, tàbí tí olè gbé e, àmì tó wà nínú rẹ̀ bá a lọ. Ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ wà níbòmíràn, ì báà jẹ́ lórí fláàṣì, tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀kẹta ló burú jù, torí pé kì í fara hàn títí di ọjọ́ wàhálà: a kò dán an wò rí. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ àmì sílẹ̀ lójoojúmọ́ tí kò tíì gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ̀ọ́mọ̀ pa ètò náà ní wákàtí àkọ́kọ́, kí ó tún un bẹ̀rẹ̀, kí ó sì wò bóyá ibi tó yẹ ló ti gbéra.

Iṣẹ́ tó ń lọ ṣùgbọ́n tó ti ṣìnà

Kọ̀ǹpútà tó kú ṣeé rí. Èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́ tó sì ń ṣírò òdì ló ṣòro. Àwọn tó mọ èyí dáadáa ni àwọn ará GIMPS, ètò tí George Woltman dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1996. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni kárí ayé ń fi kọ̀ǹpútà ilé wọn wá àwọn nọ́ńbà rẹpẹtẹ kan tí kò sí nọ́ńbà tó lè pín wọn dọ́gba àfi 1 àti àwọn fúnra wọn. Àyẹ̀wò nọ́ńbà kan ṣoṣo lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ lórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Onílé lè pa ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ sùn, ìdí nìyẹn tí ètò náà fi ń kọ àmì ibi-a-dé sí dísìkì láti ìgbà dé ìgbà.

Ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ìṣirò yìí dúró lórí èyí tó ṣíwájú rẹ̀. Bí mẹ́mọ́rì bá yí 0 kan padà sí 1 ní ọjọ́ kejì, nítorí ooru tàbí ẹ̀yà tó ń gbó, gbogbo ohun tó tẹ̀lé e ti di irọ́, àmì ibi-a-dé yóò sì máa tọ́jú irọ́ náà lọ ní tònítòní. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, oògùn tí wọ́n lò ni pé kọ̀ǹpútà méjì tó yàtọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe nọ́ńbà kan náà, kí èsì wọn sì bára mu. Nígbà tó yá, Robert Gerbicz gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ tí ètò náà fi lè máa yẹ ara rẹ̀ wò bó ti ń lọ. Bí ìṣirò kò bá bára mu, yóò padà sí àmì tó kẹ́yìn tó ti dá a lójú, yóò sì tún ibẹ̀ ṣe.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, Luke Durant, ọ̀kan lára wọn, rí èyí tó tóbi jù nígbà náà: 2 tí a fi ń sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ títí yóò fi pé 136,279,841 níye, tí a wá yọ 1 kúrò. Nọ́ńbà náà ní ẹyọ 41,024,320. GPU kan ní Dublin, ní orílẹ̀-èdè Ireland, ló kọ́kọ́ ta wọ́n lólobó. Òmíràn ní San Antonio, ní Amẹ́ríkà, ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Síbẹ̀ wọ́n tún fi ètò mìíràn lórí ẹ̀rọ mìíràn dán an wò kí wọ́n tó kéde rẹ̀ fáyé gbọ́. Ẹlẹ́rìí kan kò tó fún wọn.

Pín in wẹ́wẹ́

Ọgbọ́n mìíràn wà fún iṣẹ́ tó ṣeé pín. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ kì í gbé gbogbo oko lé ẹnì kan lọ́wọ́; poro ni yóò pín fún oníkálukú. Bí àárẹ̀ bá mú ẹnì kan, ẹlòmíràn yóò gba poro tirẹ̀ ṣe, oko yòókù kò sì dúró. Ní ọdún 2004, Jeffrey Dean àti Sanjay Ghemawat ti Google kọ ìwé nípa MapReduce, ètò tó ń ṣe irú èyí lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú. Kọ̀ǹpútà kan jẹ́ olórí. Ó ń pín iṣẹ́, ó sì ń bi àwọn yòókù léèrè láti ìgbà dé ìgbà bóyá wọ́n ṣì wà. Èyí tí kò bá dáhùn, olórí yóò kà á sí òkú, yóò sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún òmíràn. Nígbà tí iṣẹ́ bá ku díẹ̀, bí ẹnì kan bá ń fà sẹ́yìn, wọ́n á fún ẹlòmíràn ní ìpín kan náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ parí ni wọn yóò gba tirẹ̀.

Kí èyí tó lè ṣeé ṣe, ṣíṣe iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì kò gbọdọ̀ ba nǹkan jẹ́. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nídìí POS: ẹ tẹ owó tán, nẹ́tíwọ̀kì lọ, kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá owó ti kúrò. Bí ẹ bá tún un tẹ̀, ó lè lọ lẹ́ẹ̀mejì. Àbò rẹ̀ ni kí àṣẹ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹ̀rọ tó ń gbà á lè sọ pé, "Mo ti ṣe èyí," kó má sì tún un ṣe. Bákan náà ni iṣẹ́ kọ̀ǹpútà: kí ìpín kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀ àti fáìlì èsì tirẹ̀.

Fún ọmọ tó wà nílé

Ohun tí a ti sọ kò nílò kọ̀ǹpútà 16,000. Bí ọmọ yín bá ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ fáìlì, kí ó jẹ́ kí ètò rẹ̀ kọ èsì fáìlì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀. Kí ètò náà sì kọ́kọ́ wò bóyá èsì fáìlì kan ti wà nílẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án. Bó bá ti wà, kó rékọjá. Ìlà ètò mélòó kan péré ni èyí ń gbà, òun sì ni àmì ibi-a-dé tó rọrùn jù.

Bó bá ń lo Google Colab lọ́fẹ̀ẹ́, kó mọ̀ pé wákàtí 12 ni ó pọ̀ jù tí iṣẹ́ kan lè lò, ó sì lè má tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti gé e, fáìlì tó wà lórí kọ̀ǹpútà àyálò yẹn ti lọ. Google Drive rẹ̀ ni kí ó máa kọ àmì sí. Bó bá ń háyà ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí Amazon ń pè ní Spot, wọ́n lè gbà á padà nígbàkigbà, ìkìlọ̀ ìṣẹ́jú 2 ni wọ́n sì ń fúnni. Kí ìfipamọ́ rẹ̀ má gbà ju ìṣẹ́jú 2 yẹn lọ.

Ínfátà àti bátìrì dára, ẹni tó bá lágbára rẹ̀ kó rà á. Ṣùgbọ́n wọ́n kàn ń sún ìdádúró síwájú ni. Wọn kì í dá iṣẹ́ tó ti sọnù padà. Iṣẹ́ tí a bá ti kọ sílẹ̀ nìkan la lè padà bá.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí ọmọ yín bá ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà òun, ẹ fi sùúrù bi í ní ìbéèrè kan: "Bí iná bá lọ nísinsìnyí, níbo ni wàá ti bẹ̀rẹ̀?" Bó bá lè dáhùn, ẹ jẹ́ kó lọ sùn. Bí kò bá lè dáhùn, kí ó dá iṣẹ́ náà dúró lálẹ́ yẹn, kí ó tún ètò rẹ̀ ṣe. Wákàtí kan tó lò lálẹ́ yẹn lè gba ọjọ́ mẹ́ta là fún un.